Akọ Àgbọ̀nrín Tí À Ń Pè Ní Alága

Ojú mi báyìí ló rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, n ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun mọ bí akọ àgbọ̀nrín ẹ̀yìnkùlé wa ní Ailegun ṣe lọ, ẹ bi í pé ibo ló wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: bàbá mi, Múfú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹran náà fúnra rẹ̀, àti èmi Ràsákì. Bàbá mi ti kú, ẹran ti kú, Múfú kì í sọ̀rọ̀. Ó ku èmi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ojú ò sì tì mí, torí àwọn tó kàwé náà ló ń wọ́ mọ́tò tó ti rún wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mafoluku pé kí n bá àwọn nà án. Mo máa ń rí ibi tí páànù ti tẹ̀ tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò rí i. Ojú yẹn kì í ṣe ojú tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e wá láti ilé bàbá mi ni.

Ailegun kò tíì rí bó ṣe rí lónìí nígbà náà. Bàbá mi ti Ìgbòho wá sí Èkó, ọdẹ tó mọ igbó bí ẹni mọ yàrá rẹ̀, Èkó sì sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀. Alájì kan tó ń gbé Mafoluku ló ni ilẹ̀ ọ̀hún, púlọ́ọ̀tì márùn-ún, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà kẹrin jẹ́ àbàtà àti kánáàlì. Wọ́n fún wa ní yàrá méjì níwájú ilẹ̀ náà pé kí bàbá mi máa gbébẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn wa ni igbó náà wà, igi ìyeyè mẹ́ta, máńgòrò ńlá kan, àti koríko tó ga ju ènìyàn lọ. Ariwo ni ilé wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, ìyá mi àti èmi á jókòó sẹ́yìnkùlé, a ó máa fi òkúta fọ́ èkùrọ́ tó fi ń ṣe àdín: kọ́, kọ́, kọ́, títí oòrùn á fi yọ. Okùn kànga á máa dún. Bàlúù á gba orí wa kọjá bí ẹni fẹ́ ṣí òrùlé. Ìyá Súnmbọ̀, aládùúgbò wa, á máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà nítorí wọn kò tètè wẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ọmọọṣẹ́ mi ń lu páànù láàárọ̀, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà á bàjẹ́, n ò sì ní í sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Nínú púlọ́ọ̀tì márùn-ún yìí ni àgbọ̀nrín mẹ́ta ń gbé. Abo méjì, àti akọ kan tó ti dàgbà débi pé ara rẹ̀ ti dúdú, ṣóńṣó ìwo rẹ̀ kan sì ti ṣẹ́. Alága ni à ń pè é. Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ló fi jọ, ẹni tí kì í wọlé ìpàdé àyàfi tí gbogbo ènìyàn bá ti jókòó, tó sì jẹ́ pé bó bá wọlé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó gbé ìdí lé àga. Báyìí ni ẹran yìí ṣe ń jáde láti àbàtà. Àwọn abo á kọ́kọ́ jáde wá ṣa ìyeyè tó já sílẹ̀ jẹ. Òun á dúró sínú koríko, á gbé ẹsẹ̀ kan, kò ní í fi í lélẹ̀. Ó lè dúró báyẹn títí ìyá mi á fi fọ́ èkùrọ́ tó kún agbọ̀n kan.

Bàbá mi lè pa abo. Kò pa á. Ó ní ẹni tó bá pa abo lórí ilẹ̀ kékeré, ó ti lé akọ lọ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ó máa ń sọ pé, “Igbó ńlá máa ń dárí ji ọdẹ. Igbó kékeré kì í dárí ji ẹnikẹ́ni.” Nítorí náà kì í tẹ ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Á bu eérú láti ìdí ààrò ìyá mi, á jẹ́ kó máa dà díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbé òórùn rẹ̀ lọ. Bí eérú bá fẹ́ lọ sí àbàtà, á padà sílé. Bó bá fẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa, nígbà yẹn ni yóò wọ ẹ̀wù tó ti kó sínú àpò pẹ̀lú ewé ìyeyè, tí ọṣẹ kò kàn rí, á gun orí máńgòrò níbi tó kan pákó mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sọ̀ kalẹ̀ láìyin ìbọn. Ìyá Súnmbọ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró dè é.

“Bàbá Ràsákì, ẹ káàbọ̀. Ẹ tún lọ kí ẹran ni?”

“Mo kí i. Ó ní kí n kí yín.”

“Ẹ sọ fún un pé ìkòkò mi ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dun bàbá mi.

Ọgbọ́n rẹ̀ tó ga jù lọ, òun ni mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì tíì rí ọdẹ mìíràn tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ariwo ilé wa kò ba Alága lẹ́rù. Ó ti mọ òkúta èkùrọ́, ó mọ okùn kànga, ó mọ ẹnu Ìyá Súnmbọ̀. Ariwo yẹn ló fi ń mọ̀ pé kò sí nǹkan. “Ní Ìgbòho,” bàbá mi wí, “bí ìrẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran á ti sá kí ọdẹ tó gbójú sókè. Níbí, ẹ̀yin ni ìrẹ̀ mi.” Nítorí náà, òfin ilé wa ni pé àárọ̀ tí bàbá mi bá wà lórí igi, ohun tó ń dún kò gbọdọ̀ dákẹ́, ohun tí kì í dún kò sì gbọdọ̀ dún. Alága tiẹ̀ mọ ọjọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìyá mi bá lọ ná Aswani, òkúta kan péré ló máa ń dún, ó sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Múfú ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Bàbá tó bí i kú ní ilé, ní Ìgbòho, wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ wa. Ọdún kan ni mo fi ju ú lọ. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá fún un lóúnjẹ á dúpẹ́ bí ẹni gba oyè. Ìyá mi á wá fi ẹran kún tirẹ̀ nítorí pé kò ní ìyá nítòsí. Mo máa ń wo abọ́ rẹ̀, mo máa ń wo tèmi. Kí ó tó dé, èmi ni mo ń gbé ìgò ẹ̀tù bàbá mi, èmi ni mo ń fi epo pa ìbọn ṣakabùlà rẹ̀. Nígbà tó dé, bàbá mi ní kí kálukú wa máa ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yóò mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pín nǹkan sí méjì, tìrẹ ti lọ.

Etí ọ̀tún bàbá mi ti kú. Ìró ṣakabùlà ló pa á nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, èyí òsì náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ó nílò etí tí yóò jókòó tì í lórí igi. Bí ẹran bá ń bọ̀ láti òsì, etí yẹn á fọwọ́ kan itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹni tó bá jókòó ti òun lọ́jọ́ tí Alága bá ṣubú, olúwarẹ̀ ni yóò ru orí ẹran náà wọlé gba iwájú gbogbo àdúgbò kọjá, òun ni yóò ni ìwo méjèèjì, òun ni òun yóò sì kọ́ ní ìbọn. Ẹ gbọ́ mi: gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Mo ti ń rí ara mi tí mo ń ru orí ẹran kọjá níwájú Ìyá Súnmbọ̀.

Kó lè mọ ẹni tí yóò yàn nínú wa, ó ní ká lọ jókòó lábẹ́ máńgòrò, èmi lápá kan, Múfú lápá kejì, ká má mira títí òun yóò fi pè wá. Mo jókòó dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá ní n kò jókòó dáadáa, irọ́ ló ń pa. Ìjàlọ ló wà lápá tèmi. Mo kàn gbá kan péré ni, mo sì kàn sọ fún Múfú pé èmi ló máa yege. Nígbà tí bàbá mi máa fi yọjú, ẹyẹ ti bà lé orúnkún Múfú. Ẹyẹ, mo ní. Lórí orúnkún. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

“Múfú ni yóò gùn,” ó wí fún mi. “Ìwọ ni yóò máa fọ́ èkùrọ́. Má fojú kéré ẹ̀. Bí òkúta bá dákẹ́, kò sí ọdẹ.”

“Iṣẹ́ obìnrin ni, bàbá.”

“Ta ló wí fún ọ? Ìwọ ni ilé. Èmi àti Múfú, àlejò la jẹ́ lórí igi.”

Mo lọ bá ìyá mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Ràsákì, òjòwú kì í lẹ́ran láyà.” Mo fọwọ́ kan àyà mi, egungun ni lóòótọ́. Mo wo àyà Múfú níbi tó ti ń wẹ̀, egungun ni tiẹ̀ náà. Nígbà náà ni mo gbà pé àwọn àgbà kì í mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà mìíràn.

Bí òjò ọdún náà ṣe ń parí lọ, Alájì rán ènìyàn sí wa pé bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, katakata ń bọ̀ wá ro ilẹ̀ òun. Bàbá mi mọ̀ pé Alága ò ní í dúró de katakata. Oṣù méjì ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ eérú wò láràárọ̀, eérú sì ń fẹ́ lọ sí àbàtà. Bàbá mi kò fẹ́ jẹun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, eérú fẹ́ wá sójú wa pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ìyá mi ti gbé àdín lọ sí Aswani. Bàbá mi mú ìbọn, Múfú tẹ̀lé e, kò wo ilẹ̀, bí òjìji ló ṣe ń lọ. Èmi jókòó ti òkúta mi. Kọ́, kọ́, kọ́.

N kò ní í purọ́. Mo mọ̀ pé òkúta ò gbọdọ̀ dákẹ́. Mo fọ́ èkùrọ́ tó kún ìdajì agbọ̀n. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá gbé òkúta sókè, Múfú ni mò ń rí, Múfú lórí pákó, Múfú tí etí rẹ̀ ti di etí bàbá mi. Mo ń rò ó pé bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló rí i, òun nìkan ni yóò máa sọ ọ́ títí ayé, wọ́n á yí i ká níwájú ilé, èmi náà á wà lára àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ló lè gba ìyẹn? Búlọ́ọ̀kù kan ti yọ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, agolo epo kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n kàn wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo fi òkúta sílẹ̀.

Mo rí i. Ìtànṣán oòrùn àkọ́kọ́ ń bọ̀ lára koríko. Àwọn abo méjèèjì ti wà lábẹ́ ìyeyè. Alága ti jáde tán, gbogbo ara rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. Ó dúdú, ó ń dán, àmì funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀fun tí ọmọdé fi ìka tò. Ìyeyè wà lẹ́nu rẹ̀, omi ìyeyè ń ro ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo rí ẹnu ìbọn bàbá mi láàárín ewé, ó ń dúró kí ẹran náà kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Ìgbésẹ̀ kan ló kù. Ẹran náà dẹ́kun jíjẹ. Ó gbé orí sókè, kò wo igi máńgòrò rárá, ilé wa ló ń wò. Nígbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ pẹ̀lú, bí gbogbo ẹ̀yìnkùlé ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbójú sókè, Múfú ti yí orí padà lórí igi, ó ń wo ihò ògiri, ojú wa sì ṣe mẹ́rin. Alága fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó gbó lẹ́ẹ̀kan bí ajá, ó sì ti wọ àbàtà. Bàbá mi kò ráyè yìnbọn.

Mo sáré padà sídìí òkúta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èkùrọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹgba lé. Ìka mi ni mo kọ́kọ́ fọ́. Èékánná rẹ̀ wọ́ títí di òní, àwọn oníbàárà mi rò pé òòlù ló ṣe é. Nígbà tí bàbá mi wọlé, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

“Kí ló dé?” ó bèèrè. Kò sọ ẹni tó ń bi.

Ẹnu mi là. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Múfú ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

“Èmi ni, bàbá. Mo wúkọ́.”

Bàbá mi wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo ìka mi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọ yàrá lọ.

Alága ti la kánáàlì kọjá bọ́ sójú títì, tipa oníyanrìn kan sì gbá a. Kí a tó débẹ̀, àwọn tó ní ọ̀bẹ ti pín in tán. Orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹnì kan ti gbé e sá. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Súnmbọ̀ gbé abọ́ ọbẹ̀ wọlé, ó ti ra itan níbẹ̀. Kò bá wa ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Bàbá Ràsákì, ẹ má bínú, mo rò pé ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ yín.” Bàbá mi dúpẹ́, ó ti abọ́ náà sọ́dọ̀ wa, kò fọwọ́ kàn án. Múfú náà kò jẹ ẹ́. Èmi jẹ ẹ́. Mo tilẹ̀ jẹ ti Múfú mọ́ ọn.

Nígbà tí a lọ ṣe Iléyá ní Ìgbòho, bàbá mi kò mú Múfú padà. Ó ní etí tó ń wúkọ́ kò ṣe é gbé sórí igi, kó lọ máa bá àwọn ará ilé ṣoko. Èmi ló wá gbé sórí pákó máńgòrò. Mo jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́. Mo jókòó dáadáa, n kò mira, ìjàlọ jẹ mí, n kò gbá a. Kò sí nǹkan kan nínú koríko. Àwọn abo náà ti lọ. Ìyeyè ń jẹrà nílẹ̀. Ìgbà tí katakata dé, ibẹ̀ la wà tí à ń wò ó.

Mo bú Múfú nínú ọkàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kódà ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Bàbá mi kò nà mí, kò bá mi wí, kò wò mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe nǹkan. Nígbà tó sì kú, wọ́n ní ó ti sọ ẹni tí wọ́n máa fún ní ìbọn rẹ̀. Kì í ṣe èmi, ọmọ tó bí. Èmi tí mo ra màlúù tó tóbi jù níbi ìsìnkú, èmi tí mo gbé mọ́tò mẹ́ta wá láti Èkó. Mo bá Múfú níbi tó ti ń nu ìbọn náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti dàgbà, àmọ́ kò sanra. Mo ní, “Múfú, kí ló dé tó o fi sọ pé o wúkọ́?”

Kò gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá lé mi, ilé ni wọ́n á dá mi padà sí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni wọn ì bá dá yín padà sí?”

N kò dúpẹ́. Mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ lára ìbọn náà, bó ṣe ń fi epo pa á, tó pa á dáadáa ju bí mo ṣe máa ń pa á lọ.

Ohun tó lọ nìyí, mo kà á bó ṣe rí. Akọ àgbọ̀nrín kan. Abo méjì. Ìwo méjì, ọ̀kan ṣẹ́ ní ṣóńṣó. Ìyeyè mẹ́ta, máńgòrò kan. Ìbọn kan. Èékánná kan. Àbúrò kan.